Ọdẹ Gáráàjì

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Bàbá wọn sọ wọ́n lórúkọ tó dára, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti lo oṣù kan nílé wọn, Ọdẹ Gáráàjì ni mò ń pè wọ́n. Igbó tiwọn ní ògiri mẹ́rin, ó ní iná mànàmáná, ó sì ní àga tí ń yí.

Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́wó ná. Ọta .308 tí wọ́n bá yìn tán, wọn kì í ju ìkarahun idẹ rẹ̀ nù. Wọn á ṣà á, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á rọ ẹ̀tù tuntun sí i, wọn á fi ọta mìíràn dé e lẹ́nu. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń wẹ idẹ. Ẹ̀rọ kan ni, tó ń gbọ̀n mọ́jú bí ẹni tí ibà ń ṣe, ṣùkù àgbàdo lílọ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ṣùkù àgbàdo o! Èyí tí ìyá wa fi ń dáná lẹ́yìnkùlé ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi dọ́là rà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣọ́wó ná yìí, ìyàwó wọn ṣì ń wá ibi tí owó náà wà.

Ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wíwọ̀n. Tí ìbọn bá dún, agbára iná inú rẹ̀ á ti ìkarahun mọ́ ògiri ibi tí ọta ń sùn sí, kí èéfín má baà gba ẹ̀yìn bọ́ sí ojú ẹni tó yìn ín. Tó bá ṣe díẹ̀, idẹ náà á súnkì, àmọ́ kò ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ti gba ìrísí ìbọn yẹn nìyẹn, bí bàtà tí ẹnì kan ti wọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ẹlòmíì kì í ti ẹsẹ̀ bọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ kó má tiro.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ èyí. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí, tí wọ́n ń ṣa ìkarahun oníkarahun bí ọmọdé tó ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò. Wọ́n kó o délé, wọ́n rọ ẹ̀tù sí i. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, bóòtì, irin tó ń ti ẹ̀yìn ìbọn, kọ̀, kò pa dé. Wọ́n tì í, kò lọ. Wọ́n fà á, kò bọ̀. Wọ́n ní ìbọn ló ń ṣe wèrè.

Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní dáì. Ihò inú rẹ̀ rí bí ibùsùn ọta náà gẹ́lẹ́, ó kàn fún ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ ìkarahun sí kó lè padà sí ìwọ̀n. Ìkarahun yìí ní ọrùn, ó ní èjìká, ó ní ìdí, iṣẹ́ télọ̀ pọ́ńbélé sì ni. Ẹnì kan ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé tó bá jẹ́ ọrùn nìkan ni wọ́n ń fún, idẹ á pẹ́ lò. Wọ́n fún ọrùn, wọ́n fún ọrùn. Nígbà tí wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀kẹrin, ọrùn mọ níwọ̀n, àmọ́ èjìká àti ara ti wú. Agbádá tí ọrùn rẹ̀ bá ni mu, tí kò gba apá wọlé, ta ni yóò wọ̀ ọ́ lọ òde?

Inú bí wọn. Wọ́n yí dáì náà wálẹ̀ dé òpin, wọ́n tún fi agbára lé e. Èjìká ìkarahun bá wọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bóòtì ń pa dé wàyí, ó ń pa dé wọ̀ọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé ìkarahun tó bá kéré ju ibùsùn rẹ̀ lọ nínú ìbọn, ńṣe ló ń nà lẹ́bàá ìdí nígbàkígbà tí wọ́n bá yìn ín, tí ibẹ̀ á máa fẹ́lẹ́ títí yóò fi já. Ẹni tó gbọ́n á na ìdè ìwé oníwáyà, á tẹ orí rẹ̀ kọdọrọ, á fi tọ inú ìkarahun wò. Tó bá ti kọ́ nǹkan lẹ́bàá ìdí, kó jù ú nù. Ẹ̀gbọ́n mi ò tọ nǹkan kan wò. Ìdí jáde, ara ṣẹ́kù sínú ìbọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ìyàwó àwọn. Mi ò sọ. Mo kàn ń kọ ọ́ síbí ni.

Ohun tó yẹ kí èjìká náà fi wọlẹ̀ ò ju ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì lọ, ìyẹn bí ìdajì bí ìwé pélébé kan ṣe nípọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń ní “mo ti wà lọ́nà” nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lójú wọn ni yóò wọn ìdajì ìwé!

Ìgbà kan wà tí ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa idẹ kó tó wọ dáì tán. Wọ́n yọ́ wọ yàrá, wọ́n bu òrí ìyàwó wọn. Wọ́n pa á tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rá kó jọ sí èjìká, ó tẹ ìkarahun wọnú kóńkó. Ni wọ́n bá ní àwọn ò pa òrí mọ́, wọ́n ti ìkarahun mìíràn wọ inú dáì ní gbígbẹ. Ó há. Wọ́n fà á títí etí ìdí rẹ̀ fi ya. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń fi ẹ̀rọ lu idẹ nihò kí wọ́n tó rí i yọ.

Bàbá wa àgbà, ọdẹ ni wọ́n. Ṣakabùlà wọn ò mọ èjìká, kò mọ ọrùn. Wọ́n á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á ki àkísà, wọ́n á fi ọ̀pá gún un, wọ́n á da ọta sí i, ó parí. Ẹ̀tù ni wọ́n fi ń pa ẹtu. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ̀tù tiwọn lu pátákó nihò.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n kọ́ ọ yanjú. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n mú mi lọ jókòó sínú ahéré ọdẹ kan ní ìdájí. Òtútù ń mú, a ò sọ̀rọ̀. Àgbọ̀nrín kan jáde, ó ga, ó dúró gbọn-in. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọta sínú ìbọn, wọ́n ti bóòtì. Ó wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn ń dán.

“Àbúrò, ṣé o gbọ́ bó ṣe wọlé?”

Mo gbọ́. Àgbọ̀nrín náà gbọ́. Ẹran ewúrẹ́ la rà bọ̀ wálé.