Ọ̀nà Kan Ò Wọjà, Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Ń Ná An?

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Wọn ò parọ́, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, wọ́n ṣebí ọmọlúàbí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, pé bó bá dénú wa yóò di odindi. Ààbọ̀ tó kù ni pé ọjà ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná an. Láyé wọn, ọmọdé tó ru igbá iyọ̀ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ mọ ìyẹn. Bí èèyàn mọ ọ̀nà méje tó wọ ọjà ọrún-ọrún, tó wá débẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọjà, ewúrẹ́ tó ń jẹ ewé ẹ̀kọ ni yóò kí i káàbọ̀.

Nínú ẹni tó ní fóònù, ààbọ̀ yẹn kò tíì di odindi. Ọ̀nà ló ń wá, ọ̀nà ló ń rí. Ọjọ́ ò sí lára ohun tó ń bèèrè.

Ẹ wo àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan rí àwòrán lórí Instagram: ilé olódi lórí òkè, òdòdó nísàlẹ̀, ọkọ̀ funfun lórí odò Rhine ní Jámánì. Ó di dandan kí wọ́n lọ. Oṣù kẹta ni ìsinmi bọ́ sí, ọjọ́ mẹ́ta péré. Wọ́n ṣí WhatsApp, kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀nà ti pé mẹ́rìnlá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọ bàálù lọ sí Frankfurt, ibẹ̀ ò jìnnà sí Mainz."

"Rárá o, àbúrò. Cologne ni ká gbà. Rélùwéè wà láti St Pancras dé Brussels, a ó wọ òmíràn níbẹ̀."

"Àǹtí, ẹ wo tèmi, ó fi pọ́n-ùn mẹ́rin dínwó."

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n àgbà tó ti dákẹ́ látàárọ̀ wá fọhùn: "Èmi ò wọ́ báàgì kiri lọ́jọ́ ogbó mi. Ẹ jẹ́ ká háyà mọ́tò. Èèyàn ńlá kì í dúró de rélùwéè."

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Láti Bingen àti Rüdesheim títí dé Koblenz, nǹkan bíi kìlómítà 65 tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2002, òkè ló há odò mọ́ àárín. Títì kan àti ojú irin kan wà lápá òsì, títì kan àti ojú irin kan wà lápá ọ̀tún, ilẹ̀ tán nìyẹn. Láàárín Bingen sí Koblenz, kò sí afárá kankan lórí Rhine. Ẹni tó wà ní St. Goar tó fẹ́ kọjá sí St. Goarshausen tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, férì ló máa wọ̀. Onímọ́tò á tò sórí ìlà, á dúró kí mọ́tò àwọn tó ń bọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tán. Ẹlẹ́sẹ̀ á rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á san owó táṣẹ́rẹ́, á gun férì, á fara ti irin, á máa wo omi. Èwo nínú àwọn méjèèjì gan-an ni èèyàn ńlá?

Ká tó tún débi wáìnì. Àjàrà Riesling ni iṣẹ́ àwọn ìlú wọ̀nyí, ara òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kún fún òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n gbìn ín sí. Nínú ẹni mẹ́rin tó wọ mọ́tò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa mu omi. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n máa yàn: àbúrò.

Rélùwéè tó ń dúró ní gbogbo ìlú ń kọjá ní wákàtí wákàtí lápá méjèèjì. Lápá òsì, Bacharach, Oberwesel, St. Goar, Boppard. Lápá ọ̀tún, Lorch, Kaub, St. Goarshausen, Braubach. Láti Koblenz dé Bacharach kò gba wákàtí kan. Bí ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, odi ìlú àtijọ́ ló máa kọ́kọ́ kò yín lójú, kí báàgì tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ ti dé iwájú Altes Haus, ilé onígi tí wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1368. Ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò sọ nínú WhatsApp: rélùwéè ẹrù ń kọjá lóru lápá méjèèjì, ariwo rẹ̀ sì ti di ẹjọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń rò tipẹ́. Yàrá tó kọjú sódò ló dùn ún yà ní fọ́tò. Yàrá ẹ̀yìn ló dùn ún sùn.

Ọ̀nà ti yanjú. Ọjọ́ ńkọ́? Ọkọ̀ funfun inú àwòrán yẹn, tó ń gòkè odò láti Koblenz lọ sí Rüdesheim, ó ṣeé ṣe kó ṣì so mọ́ èbúté lóṣù kẹta. Ìgbà ọdún Àjíǹde ni òun náà ń jíǹde. Ilé olódi mìíràn ṣì ti ilẹ̀kùn. Marksburg ní Braubach ni kí wọ́n forí lé: gbogbo ìgbà lọ́dún ni wọ́n ń ṣí i, òun nìkan sì ni ogun ò wó rí nínú àwọn ilé olódi orí òkè lágbègbè náà. Ilé oúnjẹ kan ń sinmi lọ́jọ́ Ajé, èkejì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Àgbẹ̀ tó ń gbin àjàrà pàápàá, tí òfin gbà kó ta wáìnì tirẹ̀ nínú ọgbà tirẹ̀ láìgbàwé àṣẹ ilé ọtí, oṣù mẹ́rin péré ló lè fi tà á lọ́dún. Lásìkò tó bá ń tà, á so ìdì ewé tàbí ìgbálẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ ò bá rí ewé, ẹ má kanlẹ̀kùn. Òyìnbó náà ní ọjọ́ ọjà.

Odò fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀. Bí òjò ìgbà òtútù bá pọ̀, Rhine á kún, bí òṣùwọ̀n omi ní Kaub bá sì kọjá mítà 6.40, ọkọ̀ tó ń tọ odò lọ ò gbọdọ̀ rìn mọ́, férì náà sì lè dúró. Ẹ̀gbọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, á na fóònù sókè, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń da òun láàmú, torí fóònù ṣì ń fi férì hàn án bí ọ̀nà. Ọjà Oyíngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Rhine ò mọ̀ pé ẹ ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì.

Ní Kaub yìí kan náà, ilé olódi kan dúró sáàárín odò, Pfalzgrafenstein. Ọba Ludwig ará Bavaria ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1327, kí wọ́n lè máa gba owó-òde lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ń kọjá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún agbowó-òde yẹn pé ọ̀nà kan ò wọjà.

Mi ò ní kí wọ́n má lọ o. Oṣù kẹta ní ọjà tirẹ̀, kàn jẹ́ pé kì í ṣe èyí tó wà lórí Instagram. Ní Drosselgasse, ọ̀nà tóóró tí èjìká ti ń gba èjìká ní Rüdesheim nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè na apá. Lórí òkè, àjàrà ò ní ewé kankan lára, àsìkò yìí sì ni àgbẹ̀ ń tẹ ẹ̀ka rẹ̀. Á mú ẹ̀ka gígùn tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́ ìyókù, á rọra tẹ̀ ẹ́ títí á fi rí kọrọdọ, á dè é mọ́ wáyà. Bó bá kánjú, ẹ̀ka á dá. Ọjọ́ tí ilẹ̀ tutù tí ọ̀rinrin wà ló wù ú, torí igi tó gbẹ kì í gbọ́ràn. Òjò wínníwínní tó ń ba fọ́tò àlejò jẹ́, àgbẹ̀ ti ń retí rẹ̀.

Ó ku tíkẹ́ẹ̀tì. Rheinland-Pfalz-Ticket kan ṣoṣo lè gbé ẹni márùn-ún fún odindi ọjọ́ kan, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbúrò ò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ti gbọ́ pé Deutschlandticket ló gbayì: Yúrò 49 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ó ti di 63 lọ́dún 2026, ó sì ń gbé èèyàn wọ rélùwéè kéékèèké káàkiri Jámánì. Ó rà á lójú ẹsẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ni, fúnra rẹ̀ ló ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ já a kí ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí tó kọjá. Ọ̀nà mẹ́rìnlá wà nínú fóònù àbúrò, ọjọ́ kẹwàá ò sí níbẹ̀. Oṣù kẹfà ti wọlé báyìí, ó jókòó sí Peckham, ó ń sanwó rélùwéè Koblenz.