Gáréèjì Àbọ̀ Ìlú Ọba

Ó ku ẹyọ ẹnì kan kí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn kún nítòsí afárá Eliozu, ní Port Harcourt, nígbà tí àǹtí kan bi àbúrò rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé pé: "Ṣé gbogbo ẹrù ẹ ti dé gáréèjì?" Ọmọkùnrin náà gbé báàgì sílẹ̀. "Àǹtí, kì í ṣe gáréèjì. Gáràáṣì ni. Ẹ ká ètè yín jọ." Àǹtí ká ètè jọ. Ibi tí wọ́n ti ń ká a, ìyá alágbọ̀n kan wọlé, ó jókòó, ọkọ̀ kún.

Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni. Ohun ẹni ní ń bá ni mu rẹ́múrẹ́mú. Àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù rò pé Àǹtí ni òwe náà ń bá wí.

Ta ló wá ni ẹ̀wù? Faransé ni. Garer ni wọ́n ń pe kéèyàn gbé nǹkan síbi ààbò. Ibẹ̀ ni garage ti wá. Ìgbà tí mọ́tò dé ni Gẹ̀ẹ́sì yá a wọ̀, kò sì tíì yẹ ẹ́ di òní: àwọn kan ní gáràáṣì, àwọn kan ní gáríìjì, Amẹ́ríkà ní gàráàṣì. Lọ́dún 1926, BBC tiẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yóò ṣe máa pe ọ̀rọ̀. Akéwì Robert Bridges ṣe alága, Bernard Shaw gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gáràáṣì àti gáríìjì ṣì ń bá ara wọn fà á.

Yorùbá ò gbé ìgbìmọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, a bá rán fáwẹ̀lì mọ́ ọn nídìí. Ibi tí Òyìnbó ń gbé mọ́tò pamọ́ sí di ibi tí ọkọ̀ wa ti ń gbéra. Ó bí ọmọ gáréèjì. Ó di orúkọ ìlú, Gáréèjì Ọlọ́dẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ̀wù tó ti bá wa lára mu báyìí lẹnì kan fẹ́ tú lójú rán, kó lè dá a padà fún ẹni tó yá a!

Lewis Harcourt, mínísítà Òyìnbó kan, ni Gómìnà Lugard fi sọ Port Harcourt lórúkọ ní 1913. Síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni wa ń pè é ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ara ò ta á.

Ọkọ̀ kejì ò tètè kún. Àwọn ọmọ gáréèjì fún un ní bẹ́ǹṣì àti omi tútù. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn ké: "Gáràáṣì! Ìwọ nìkan ló kù o!"

Ó dáhùn.