Mo Wá Ehoro Dé Abẹ́ Búrẹ́dì

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, mo fi ebi pa ara mi láti àárọ̀ títí di agogo méje alẹ́ nítorí ehoro. Ìyá onílé mi ní Peckham, màmá àgbà kan tí wọ́n wá láti Wales, ni wọ́n dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n wá bá àwọn jẹun lọ́la, pé "Welsh rabbit" làwọn fẹ́ ṣe. Oṣù kẹrin mi ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Adìyẹ inú ọ̀rá tí mò ń rà, tó ń rí bíi kànìnkànìn lẹ́nu, ti sú mi pátápátá. Èmi tí mo dàgbà n'Ísẹ́yìn, tí ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wa, èmi ni wọ́n ní kí n wá jẹ ehoro! Mi ò fẹnu kan tíì láàárọ̀, mi ò fẹnu kan ìrẹsì lọ́sàn-án. Mo tún pọ́n ata gígún sínú bébà, mo kì í bọ àpò, torí mo mọ̀ pé ọbẹ̀ òyìnbó ò ní ta.

Àwo tí màmá gbé síwájú mi, búrẹ́dì yíyan méjì ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bò wọ́n lórí, ó ń hó pútúpútú, etí rẹ̀ sì ti dúdú díẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé èyí ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀fun. Mo gé díẹ̀ jẹ. Ó dùn, ó sì ń ta mí nímú. Ṣùgbọ́n ṣe ni mò ń rọra tọ́ ọ wò, kí n má baà yó kí ẹran tó dé. Màmá jẹ tiwọn tán. Wọ́n wo àwo mi, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé kò dùn mọ́ ẹ lẹ́nu ni?"

"Ó dùn gan-an, mà. Ẹran ni mò ń dúró dè."

"Ẹran wo?"

Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà wọ́n láàmú. Mo fi fọ́ọ̀kì gbé búrẹ́dì sókè, mo bẹ̀rẹ̀ yọjú wo abẹ́ rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ehoro sí. Àwo lásán ni mo bá. Màmá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in débi pé wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ń fi etí ápúróònù nu omi ojú.

Kò séhoro. Kò tiẹ̀ sí i níbẹ̀ rí. Orúkọ yẹn ti wà nínú ìwé láti 1725, àlàyé tí màmá sì ṣe fún mi ni pé yẹ̀yẹ́ làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe: pé tálákà lará Wales, kò rówó ẹran, wàràkàṣì orí búrẹ́dì ni ehoro tirẹ̀. Nígbà tó yá ni àwọn kan yí "rabbit" sí "rarebit" kó lè dùn ún gbọ́ létí. Francis Grose kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí èdè ìgboro ní 1785. Hannah Glasse ńkọ́? Nínú ìwé oúnjẹ tó tẹ̀ jáde ní 1747, ehoro mẹ́ta ló kó síbẹ̀, ti Scotland, ti Wales àti ti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí èyí tó nírun lára nínú wọn. Ti Gẹ̀ẹ́sì, wáìnì pupa ni wọ́n kọ́kọ́ fi rin búrẹ́dì rẹ̀ gbingbin kí wọ́n tó kó wàràkàṣì lé e. Ẹ ò wá rí ẹni tó ń fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín.

Èmi náà ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ṣá. Àwa kọ́ la pe jíńjà ní ata ilẹ̀? Ta ni jíńjà bá tan nínú àwọn ata? Ó yẹ kí n ti tibẹ̀ kọ́ ọgbọ́n pé kéèyàn máa wo inú nǹkan kó tó gba orúkọ rẹ̀ gbọ́. Mi ò kọ́ ọ.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ wá wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí wọ́n má ra nǹkan kan bọ̀, pé ìpápánu ti ọ̀dọ̀ mi ò ní láfiwé. Mo ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ló tún kù? Búrẹ́dì, ṣíìsì, iná. Mo ra cheddar tó gbó dáadáa, mo gé e wúruwùru sínú ìkòkò, mo tanná sí i gbàgà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó rọ̀, ó ń fà bí ewédú. Mo bá sáré lọ wo góòlù. Nígbà tí mo padà dé, àárín ìkòkò ti dàrú: òróró ti yọ lọ sókè, ó ń dán yinrin, nísàlẹ̀ sì ni nǹkan kan ti ká jọ bí ìkúùkù, ó le bíi rọ́bà. Mo bomi sí i, ó di omi, òróró àti rọ́bà. Mo fi kún iná, mo fa ọmọrogùn yọ. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò yọjú sí kíṣìnì.

"Ẹ̀gbọ́n, àmàlà lẹ̀ ń rò ni?"

Kí n tó dá a lóhùn, nǹkan kan ti figbe ta lókè orí wa. Búrẹ́dì tí mo kì sábẹ́ gírìlì ti dèédú, aago èéfín sì ti gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo gun àga, mò ń fi tówẹ̀lì fẹ́ aago náà bí ẹni ń fẹ́ ọba. Màmá onílé gòkè wá tàwọn taṣọ oorun. Wọ́n wo aago, wọ́n wo inú ìkòkò.

"Ó ga o," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo wá pa ehoro yìí ní tòótọ́."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ́ mi, mo sì ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ títí dòní. Cheddar ò fẹ́ iná líle. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, ara rẹ̀ á fún pọ̀, á fún òróró inú rẹ̀ dànù bí ìgbà tèèyàn fún aṣọ, kò sì ní gbà á padà mọ́. Nítorí náà, bọ́tà ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ lórí iná jẹ́jẹ́, wọ́n da fúláwà ṣíbí kan sí i, wọ́n rò ó títí tó fi ń ta sánsán. Bíà dúdú bí ìdajì ife tẹ̀lé e, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ki bí ògì. Wọ́n fi mọ́sítádì ṣíbí kékeré kan sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí iná (mo ní kúrò lórí iná!), kí wọ́n tó máa wọ́n cheddar rírin sí i lẹ́kúnwọ́ lẹ́kúnwọ́. Fúláwà yẹn ló ń di òróró mú tí kò fi ríbi sá lọ. Tojú tẹ̀yìn ni wọ́n yan búrẹ́dì kí wọ́n tó fi nǹkan pa á, wọ́n sì pa á dé etí gẹ́rẹ́, torí etí tí kò bá raṣọ bora lábẹ́ gírìlì ló máa ń jó.

Lópin, wọ́n kán omi dúdú kan lé e lórí láti inú ìgò Lea & Perrins. Mo fi ìka lá a, ẹnu mi dá a mọ̀ kí orí mi tó dá a mọ̀. Àjàgbọn! Mo ka ara ìgò: àjàgbọn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹja kéékèèké náà wà níbẹ̀. Láti 1837 ni wọ́n ti ń tà á láti ìlú Worcester. Mo fa ata gígún mi yọ lápò, mo wọ́n ọn sí i, màmá ò sì bá mi jà.

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Ìgbéraga sì wọ̀ mí.

Lọ́dún kẹta, bàbá ìyàwó mi pé àádọ́rin ọdún, a wálé sí Ìbàdàn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé kí wọ́n má wulẹ̀ pe oní-small chops, pé èmi ni n ó ṣe ohun tí àlejò máa kọ́kọ́ fi panu. Mo ti ra cheddar kílò méjì sílẹ̀. A ti dé Ìbàdàn kí n tó rántí pé inú fíríìjì ní Peckham ló wà.

"Kò sí wàhálà," ni mo wí. "Ṣebí wàrà pọ̀ ní Bódìjà." Nínú Bíbélì, wàràkàṣì mẹ́wàá ni Jésè fi rán Dáfídì sí ọ̀gágun. Wàrà, wàràkàṣì, ṣíìsì: ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn lójú tèmi.

Wàrà obìnrin Fúlàní tí mo bá lọ́jà ń léfòó nínú omi rẹ̀, ó funfun nini, ojú agbọ̀n tí wọ́n fi sẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀ bí ilà.

"Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni, àbí inú ọbẹ̀ ni?"

"Yíyọ́ ni," mo dáhùn. "Mo fẹ́ kó yọ́ sórí búrẹ́dì."

Ó wò mí títí. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan lédè wọn, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀yàyà ni. Mo ra ogójì.

Bàbá ìyàwó mi jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, ọtí kì í wọlé wọn. Mo bá fi mọ́ọ̀tì dípò bíà, torí pé àwọn méjèèjì ṣáà dúdú. Mo rin wàrà, ó rún. Mo wọ́n ọn sínú mọ́ọ̀tì àti fúláwà, mo rò ó, mo rò ó, mo bá ara mi nídìí ògì dídùn kan tí òkúta funfun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Mo dà á nù kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mo wá gé wàrà tó kù pẹlẹbẹ, mo tò ó sórí búrẹ́dì Agége, mo kì í sábẹ́ gírìlì. Ìṣẹ́jú márùn-ún, wàrà ń làágùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń làágùn sí i. Mo kúnlẹ̀ síwájú ọ́fùnù bí ẹni tó wá jẹ́jẹ̀ẹ́, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ́. Ó pọ́n létí lóòótọ́, ṣùgbọ́n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dúró gírígírí. Mo fi kún iná. Ṣúgà tó wà nínú búrẹ́dì Agége kì í ṣe kékeré. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo búrẹ́dì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, wàrà sì jókòó sórí wọn láìmira.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tó pa àwọn obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín. Orí iná ni wọ́n ti ń ṣe wàrà. Wọ́n á fi oje bọmubọmu sí i kó lè dì, wọ́n á sì tún jẹ́ kó hó nínú omi ara rẹ̀ kí wọ́n tó sẹ́ ẹ. Cheddar ò hó rí láyé rẹ̀, oṣù gbọọrọ ló fi jókòó tó ń kan, kíkan yẹn ló sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tó fi ń yọ́. Wàrà ò kan, ara rẹ̀ sì ti di pinpin. Bẹ́ẹ̀ náà ni halloumi tàwọn ará Cyprus, bẹ́ẹ̀ ni wagasi tí wọ́n ń fi ewé ọkà bàbà pa láró pupa ní orílẹ̀-èdè Benin: ẹ dín in, ẹ yan án, kò ní yọ́. Ẹni tó ti la omi híhó já, kí ni gírìlì fẹ́ fi ṣe?

Òórùn ló mú ìyá ìyàwó mi wọlé. Wọn ò bú mi. "Ọkọ ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí, "ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀." Wọ́n ṣí wàrà kúrò lórí èédú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi iyọ̀ àti ata rodo gígún pa á lára, wọ́n jù ú sínú òróró gbígbóná. Ó ké ṣàà. Nígbà tí wọ́n fi máa yọ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti le, ó pọ́n bí àkàrà, inú rẹ̀ sì rọ̀. Wọ́n gé búrẹ́dì tó kù wẹ́wẹ́, wọ́n fi bọ́tà díẹ̀ yan án nínú páànù, wọ́n to àlùbọ́sà lé e, wọ́n fi igi ìtayín gún wàrà mọ́ ọn. Kò gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú.

Èmi ni mo gbé àwo jáde. Ẹnu mi ò sì gbélé, mo kéde fún gbogbo àlejò: "Ehoro ilẹ̀ Wales rèé o!"

Bàbá mú ọ̀kan. Ọmọ ọdẹ ni wọ́n kí wọ́n tó di alàgbà. Wọ́n fa igi yọ, wọ́n ṣí wàrà, wọ́n yí búrẹ́dì padà, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ fínnífínní.

"Ehoro ọ̀hún dà?"

Mo ní kò sí ehoro nínú rẹ̀, sà, orúkọ lásán ni. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ronú díẹ̀.

"Wọn ò rí i pa ni," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́."

Nígbà tí à ń padà lọ, wọ́n gbé nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ti fi ìwé ìròyìn dì í. Ehoro gbígbẹ ni, odindi, pé kí n mú un fún ìyá onílé mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á. Mi ò lè sọ fún wọn pé wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọ Britain láti ọ̀dọ̀ wa. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó. Ọmọ kan ń sáré ta búrẹ́dì Agége láàárín mọ́tò, mo ra ọ̀kan, mo tú ìwé ìròyìn náà. Mo ya búrẹ́dì sí méjì, mo sì tẹ́ itan ehoro sábẹ́ rẹ̀, níbi tí mo ti wá a tì ní Peckham.