Ẹ̀gbọ́n Fẹ́ Ra Mọ́tò, Tanghin Ò Rójú Sùn

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n wa kan kú iṣẹ́. Tanghin ló ń gbé, ní àríwá Ouagadougou, níbi tí a ti ń kọjá bàráàjì (ìsédò omi) kí a tó wọ àárín ìlú. Láti ìgbà ọ̀yẹ́ ló ti ń sọ pé òun fẹ́ ra mọ́tò. Ọ̀yẹ́ lọ, ooru oṣù kẹta dé, a ò tíì gbọ́ fèrè. Ìwé là ń rí. Ẹ̀gbọ́n fa ìlà sí àárín ìwé, ó kọ Toyota Yaris sápá ọ̀tún, ó kọ Peugeot 206 sápá òsì, ó wá ń fún wọn ní máàkì. Iye kan náà ni ẹni tó ń tà wọ́n pè: mílíọ̀nù méjì sẹ́fà àti díẹ̀. Tòkúnbọ̀ ni méjèèjì. Lomé ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, wọ́n sì rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà kí wọ́n tó bá wa níhìn-ín.

Kí ni ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fún ní máàkì? Ibi tí a ń gbé ife sí. Ife! Ẹ̀gbọ́n tí kò mu nǹkan kan rí lójú ọ̀nà ju omi inú ọ̀rá lọ!

Ohun kejì tó kọ ni ìlú tí mọ́tò ti wá. Láti ìgbà tí ọmọ ogun Faransé ti kó ẹrù wọn kúrò ní Burkina ní 2023, ẹ̀gbọ́n ní òun náà ti lé Faransé kúrò lọ́kàn òun. Ó fún Yaris ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ó ní Jàpáàn ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Láti 2001 ni Toyota ti ń ṣe Yaris ní Onnaing, lẹ́bàá Valenciennes, ní ilẹ̀ Faransé gan-an. 206 tí ẹ fún ní òdo yẹn ńkọ́? Wọ́n ṣe lára wọn ní Ryton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 2006. Wọ́n tún ṣe é ní Iran."

"Àbúrò, ta ló bi ọ́?"

Ó pa máàkì Yaris rẹ́, ó kọ ọ́ padà, ó tún pa á rẹ́. Ìwé ya.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi Yaris ṣẹ̀sín díẹ̀ kó má baà máa gbéra ga. Ó dé ọjà Yúróòpù ní 1999, wọ́n fi í joyè Mọ́tò Ọdún níbẹ̀ ní 2000. Oyè ni o, kì í ṣe agbára. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì lítà kan, agbára ẹṣin 68 ni gbogbo ohun tó ní láyé. Kó ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti àpò ìrẹsì sí i, kí o tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí o wá wò ó bóyá kò ní bẹ̀ ọ́ kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ń sún lóòótọ́: tí o bá sún un síwájú, búùtù á gba ẹrù, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á wá ibòmíràn gbé. Ìkà tó burú jù wà níwájú. Wọ́n gbé ohun tó ń ka eré kúrò níwájú awakọ̀, wọ́n gbé e sí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà oníná gbàgàdà. Ìyẹn ni pé ìyá ìyàwó tó jókòó sápá ọ̀tún ń rí gbogbo eré tí ọkọ ọmọ rẹ̀ ń sá. Ta ni ọkùnrin ṣẹ̀ ní Toyota?

206 ní tirẹ̀, ó mọ̀ pé òun rẹwà, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. 1998 ló jáde. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn tó ń ṣe mọ́tò nínú ìdíje rálì àgbáyé ní 2000, 2001 àti 2002. Ẹ̀gbọ́n kà á, ó na àyà, ó ní òun yóò máa fi sá eré lórí bàráàjì. Ẹ̀gbọ́n, èyí tó sá eré yẹn ní túbò, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wa ilẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ 1.1, agbára ẹṣin 60. Ìbátan ni wọ́n. Olówó náà ní ìbátan lábúlé.

Nígbà tí ẹ bá sì lọ wo 206 tó ti dàgbà, ẹ fi iwájú sílẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ, kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo táyà. Bí orí táyà bá ti tẹ̀ sínú tí ìdí rẹ̀ yà síta, tí mọ́tò dúró bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n tí kò rí ṣálángá, ẹ dá owó yín padà sápò. Béárìn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti jẹ. Omi àti eruku ló ń wọ ibẹ̀, béárìn á gbó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀pá fúnra rẹ̀. Àwọn òpópó Tanghin tí wọ́n ń pè ní six-mètres sì rèé, eruku lẹ́ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lójò.

Ohun tó yẹ kó gba máàkì jù, ẹ̀gbọ́n ò kọ ọ́ rárá. Ẹ́ńjìnnì 206 elépẹtiróòlù yẹn, bẹ́líìtì ló ń yí orí rẹ̀. Ìgbà wà tó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, bó bá já lórí ìrìn, owó ẹ́ńjìnnì lẹ ń wá yẹn. Tòkúnbọ̀ sì rèé: ta ló mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Ṣéènì ni ti Yaris, ọ́ìlì tó mọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ní tèmi, Yaris ni mo máa rà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí 206 tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ìwé bẹ́líìtì rẹ̀ pé, ọkàn mi á ṣí díẹ̀, nítorí ẹwà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wá ní kí mẹkáníìkì bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Mẹkáníìkì jẹ́ ẹ̀yà Mọ́sí, ẹni tó ń ta mọ́tò jẹ́ ẹ̀yà Sámọ̀. Ẹni tó bá ti gbé Burkina mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́. Àṣà ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń pè ní rakiire wà láàárín ẹ̀yà méjèèjì, wọ́n láṣẹ láti bú ara wọn láìsí ìjà. Orí ajá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ta ló jẹ ẹ́, ta ló jí i, orí ajá ni wọ́n fi parí rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n tí kò gbọ́ Mòóré dáadáa rò pé ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń sọ, ó mú gègé: "Orí ajá: Yaris ní, 206 kò ní."

Ó tún ní ẹ̀rù ń ba òun kí mọ́tò kékeré má lọ dójú ti òun lẹ́gbẹ́. Nínú ìlú yìí kan náà ni Thomas Sankara ti gba ìjọba ní 1983, tó ta àwọn Mercedes ìjọba, tó kó àwọn mínísítà sínú Renault 5. Orúnkún kan àgbọ̀n, wọ́n sì ṣe ìjọba. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń ta sípíà páàtì, ṣé ẹsẹ̀ yín gùn ju ti mínísítà lọ ni?

Mo bi í bóyá ó ro ti omi. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2009, òjò 263 mìlímítà ló rọ̀ sí Ouagadougou lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, máàkì kan náà ni Yaris àti 206 ń gbà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n, tó ń gun Yamaha rẹ̀ lọ sọ́jà láàárín ogunlọ́gọ̀ alùpùpù Ouaga lárààárọ̀, ti sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀: "Bàbá wọn, èyí tí mẹkáníìkì iwájú ilé ní páàtì rẹ̀ ni kí ẹ rà." Ẹ̀gbọ́n ní obìnrin ò mọ mọ́tò.

Ó ti rà á báyìí. Yaris ni. Kì í ṣe nítorí ṣéènì, kì í ṣe nítorí táyà ẹ̀yìn. Àwọ̀ rẹ̀ ló bá agbádá Iléyá rẹ̀ mu. Mọ́tò wà lábẹ́ tapólì kí eruku má kàn án, ẹ̀gbọ́n sì wà lẹ́yìn Yamaha ìyàwó rẹ̀ bó bá fẹ́ jáde. Lálẹ́, á mú tọ́ọ̀ṣì, á ká tapólì sókè, á máa yí i po. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan.

"Bàbá wọn, ṣé kí n bu àmàlà tirẹ̀ náà?"