Bùrọ̀dá Páìntì àti Ìgò Tí Kò Rí Fíríìjì

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn régbérégbé ti ń rán aṣọ Ojúde Ọba, ni wọ́n máa ń balẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Òde bí eéṣú: àwọn tó lo ogún ọdún ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó lo mọ́kànlá ní Hackney, àtàwọn tó kàn lo oṣù mẹ́fà nílé àbúrò ìyàwó wọn tí ohùn wọn sì ti yí padà. N ò bá gbogbo wọn jà. Ẹ̀yà kan ṣoṣo nínú wọn ni mo ń bá jà. Nílé ọtí tí à ń jókòó sí ní Ìjàgun, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Tai Solarin ń gbà kọjá, Bùrọ̀dá Páìntì là ń pè é. Ó lè jẹ́ pé orúkọ mìíràn lẹ fún un lọ́dọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Ẹ wò ó bó ṣe ń jókòó ti ọtí. Oòrùn ti sun orí gbogbo wa. Ìyá Olótìí gbé Star jáde nínú fíríìjì, ara ìgò ń làágùn, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Bùrọ̀dá á na ìka kan, á fi kan ìgò bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná, á sì yára fà á padà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú èyí tí kò tíì rí fíríìjì." Ìyá Olótìí, tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀ torí kí ọtí lè tutù, á wò ó títí, á lọ sídìí kéréètì tí oòrùn ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á fa ọ̀kan yọ.

Ìyẹn ò tíì tó. Á dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ife, á gbé e sókè kó lè fi oòrùn wò ó, á ki imú bọ inú rẹ̀, á pa ojú dé. Á gbé ife kalẹ̀ láìmu ún, á wá sọ gbólóhùn tó sọ ọ́ di ẹni ọ̀wọ̀ lójú ara rẹ̀: "Tútù máa ń pa adùn ọtí." Mo kà á lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìgò kejì kò tíì tán tó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó sọ ọ́ fún wa, ó sọ ọ́ fún ọmọ tó ń ta ẹ̀pà, ó sọ ọ́ fún ọlọ́kadà kan tó kàn dúró béèrè ọ̀nà.

Kì í ṣe pé irọ́ pátápátá ló ń pa. Oríṣi bíà méjì ló wà. Éèlì ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì látijọ́. Ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ìwúkàrà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, a máa léfòó sókè ọtí, ọtí náà kì í sì í pẹ́ ṣetán. Lágà wá láti Jámánì. Inú òtútù ni tirẹ̀, ìwúkàrà rẹ̀ a máa rì sísàlẹ̀, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìtọ́jú pamọ́ yẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ ń wí lédè Jámánì. Star tó kọ́kọ́ jáde ní 1949, Gulder, Trophy, 33, lágà ni gbogbo wọn. Ní 1971, àwọn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ kí éèlì inú àgbá má baà kú: éèlì tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá, tí wọ́n ń fọwọ́ fà jáde láìfi gáàsì tì í. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Bùrọ̀dá ní ọmọ ẹgbẹ́ náà lòun. Ó ti fi káàdì rẹ̀ hàn wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára káàdì pé yóò parí ti kọjá láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ni éèlì kì í mu ún gbígbóná. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé àgbá rẹ̀ sí, ìwọ̀n 11 sí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n sì ń fẹ́ kó wà. Ọ̀sán Ìjàgun a máa ju 30 lọ. Ohun tí Bùrọ̀dá ń mu yẹn kì í ṣe éèlì, kì í sì í ṣe lágà mọ́. Omi ìwẹ̀ abiyamọ ni. Ẹni tó gbé lágà sóòrùn kó lè di éèlì kò yàtọ̀ sí ẹni tó so ìwo mọ́ ajá lórí kó lè fi ṣe Iléyá.

Gbogbo èyí ì bá má dùn mí, bí kò bá sí ti owó. Nígbà tó bá kàn án láti rà, ohùn á yí padà. "Ẹ̀yin àbúrò mi, n ò lè fi owó mi ra nǹkan báyìí. Ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe é, oúnjẹ adìẹ. Ẹ̀rí-ọkàn mi ò gbà á." Ẹ̀rí-ọkàn! Ẹ̀rí-ọkàn tí kò jẹ́ kó rà á ò dí i lọ́wọ́ láti mu ún. Sátidé tí mò ń wí yẹn, ó bú ìgò kìíní, ó mu ún tán. Ó ní ìkejì ń rùn bí irin, ó mu ún tán. Ó ní ìfófó ìkẹta ti kú, ó mu òkú náà. Ìkẹrin, ìka ló fi nu ìdí ife. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò tíì gba owó oṣù ló sanwó gbogbo rẹ̀, torí pé ẹ̀gbọ́n ni, àlejò sì ni. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Ti Bùrọ̀dá yàtọ̀: ọbẹ̀ tí òun ò jẹ, ìkòkò rẹ̀ ló ń lá.

Òótọ́ ni pé ọkà bàbà ń wọ inú rẹ̀. Ní 1988 ni ìjọba fòfin de kíkó báálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọ Nàìjíríà, àwọn apọntí wa sì kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n ṣe é yọrí. Àwa tí à ń mu ún, a ò tíì máa kọ bí àkùkọ. Mo fẹ́ fi sùúrù kọ èyí o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́: ahun ni ọkùnrin yìí. Ahun tó wọ kóòtù ni.

Lọ́jọ́ kan, baba ẹlẹ́mu gbé kèrègbè wá. Ẹmu àárọ̀ yẹn, ó ń hó fúnra rẹ̀, kò mọ́ gaara, kò rí fíríìjì, kò sí gáàsì kankan tó tì í, bó bá sì dọ̀la á ti kan. Gbogbo ohun tí CAMRA ń jà fún ló wà nínú kèrègbè náà. Bùrọ̀dá fi áńkáṣífù bo imú. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Kòkòrò ń bẹ nínú rẹ̀." Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí àwọn ìyá wa ń fi àgbàdo pọn ńkọ́? Ó ní ti ará oko nìyẹn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá fà á látinú àgbá, àṣà ni. Bí baba ẹlẹ́mu bá dà á látinú kèrègbè, ìdọ̀tí ni.

Ní oṣù Karùn-ún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí Bùrọ̀dá ń fara wé yìí gbé ìbọn Maxim wá, tí wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lógun Ìmàgbọn. Ọjọ́ lọ, ọjọ́ bọ̀, ilé-iṣẹ́ ọtí dìde ní Ìmàgbọn, ó sì pọn 33. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti yí sí lágà: láti nǹkan bí 1990 ni lágà ti ju ìdajì gbogbo bíà tí wọ́n ń mu nílé wọn. Bùrọ̀dá nìkan ló kù tó ń ṣọ́ ilé tí onílé ti kó kúrò. Iṣẹ́ sìkíọ́rítì ló ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣì ń ṣe é.

Ìyá Olótìí ní ògiri kan tó fi ń kọ gbèsè, ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ti olùkọ́ wà níbẹ̀, ti ọlọ́kadà tó béèrè ọ̀nà náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Mo wá orúkọ Bùrọ̀dá Páìntì títí, n ò rí i. Kò jẹ Ìyá Olótìí ní gbèsè rí, nítorí kò ra ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ rí.