Oríkì Amóníà, Ọba Tí Ẹnì Kankan Ò Fi Jẹ

Amóníà, mo kí ọ o.
Apani-má-yọ̀bẹ, aláìláwọ̀ inú omi tó mọ́ gaara.
A bomi sí ife, a ò rí ọ. A tan tọ́ọ̀ṣì sísàlẹ̀ táǹkì, a ò rí ọ. Ẹja nìkan ló mọ ìgbà tí o dé.
Ọmọ oúnjẹ àjẹkù. Ọmọ ìgbẹ́ ẹja. Ọmọ èémí ẹja.
Àlejò tí baálé ń fowó ara rẹ̀ ra oúnjẹ fún láàárọ̀, tó tún ń rà fún lálẹ́.
Ọba tí ẹnì kankan ò fi jẹ, tó ń pàṣẹ fún ẹgbẹ̀rún ẹja.
Yẹ̀yẹ́ ni mo ń fi ọ́ ṣe, ṣùgbọ́n n ò purọ́ mọ́ ọ. Kò sí orúkọ tí mo máa pè ọ́ lónìí tí o ò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ń kí ọ, ní ìkóríta tí ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀ jẹun. Ẹni tí àrọ̀ tútù bá wù, yóò nàka sí èyí tó fẹ́, wọn yóò sì pa á níṣojú rẹ̀. Pọ́ńtì-àńdì-kíìlì là ń pè é. Àrọ̀ yẹn ló gbé páńdì dé ẹ̀yìnkùlé wa, láti Ọ̀rẹ̀ títí wọ Odígbó: ti búlọ́ọ̀kù, ti tapólì, àti táǹkì ike tí wọ́n gé lórí. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń sin àrọ̀ tó Nàìjíríà ní gbogbo Áfíríkà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi olùsìn ní ohun tó ń sìn, ẹja ni yóò dárúkọ. Omi ló ń sìn. Ẹja kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwọ Amóníà ló ń sìn.

Láti 1967 tí ogun abẹ́lé ti dé ìlú yìí ni wọ́n ti ń sọ pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀. Tìrẹ kò ní ariwo ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni òkú rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ka ìran Amóníà.
Purotéènì inú oúnjẹ ẹja ni baba rẹ, Amóníà. Oúnjẹ àrọ̀ tó dára máa ń ní ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹja jẹ ẹ́, ó fi apá kan di ẹran ara, ó tú ìyókù sómi. Ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan kọ́. Ẹran pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fi ń mí ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ ń gbà jáde. Ẹja tó yó, tó ń mí, ń bí ọ lọ́sàn-án lóru.
Kílò oúnjẹ kan ń bí ọ tó gíráàmù 30 sí 40.
Mú páńdì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi rẹ̀ jìn ní mítà 1. Lítà 12,000 nìyẹn. Fún ẹja inú rẹ̀ ní kílò kan lójúmọ́: bí kò bá sí ohun tó ń jẹ ọ́ níbẹ̀, ilẹ̀ kan kò ní mọ́ kí o má fi mílígíráàmù 3 kún lítà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ń yí ìdajì omi náà lójoojúmọ́, o ò ní kọjá 6 kí a tó yí i, a ó sì dá ọ padà sí 3. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún márùn-ún la tó ń rántí yí ìdajì, àárín 15 sí 30 ni wàá máa gbé. Omi tí a dànù ní ẹ̀ẹ̀kan, ìdajì páńdì náà ni. Oúnjẹ náà kò yàtọ̀. Ọjọ́ tí a fi ń jáfara ni ilé rẹ.

Olójú méjì, mo tún kí ọ.
Ojú kan wà lára rẹ tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja, èyí tí haidirójìn lé kún, tí wọ́n ń pè ní amóníọ́ọ̀mù. Ojú kejì ni gáàsì tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja láìkan ilẹ̀kùn. pH omi, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe ní kíkan tó, ló ń yan èyí tí o máa kọ sí wa. Nínú omi tó gbóná tó 28°C, bí pH bá jẹ́ 7, májèlé inú rẹ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di 8, ó ti lé ní ìdá 6. Bó bá di 9, ó ti lé ní 40.
Ìdí nìyẹn tí o fi fẹ́ràn omi aláwọ̀ ewé ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Àwọn ohun wínníwínní tó sọ omi náà di àwọ̀ ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn fa kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì inú rẹ̀ mu, pH ń gòkè, ìwọ náà ń yọ idà. Tó bá di òru, àwọn náà ni wọ́n máa mu ọ́síjìn omi, tí yóò fi kù díẹ̀ ní ìdájí. Ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́sàn-án ń bá ìdájí pàdé pẹ̀lú àárẹ̀.

Ẹ̀tàn ni iṣẹ́ rẹ, àrọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń bá ọ ṣe é. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan lórí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè bó bá yọjú, ìyẹn ló jẹ́ kó lè gbé nínú omi tí ẹja mìíràn ò lè gbé fún wákàtí kan. Ó ń fara dà á. Olówó rẹ̀ rí i pé kò kú, ó ní omi náà dára. Ara rẹ̀ ti ń bó, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń kúrú, ó ti ń dúró lóòró nínú omi, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, kò sì ka oúnjẹ tí wọ́n dà sí i sí. Àrọ̀ tó bá dúró lóòró ti sọ̀rọ̀.

Mo kí àwọn ìránṣẹ́ rẹ, nítorí ọba kì í dá jọba.
Mo kí ẹni tí ẹja rẹ̀ ò jẹun, tó ní ebi ló ń pa wọ́n, tó tún bu oúnjẹ kún un. O ti rí baba mìíràn gbà.
Mo kí ẹni tí omi rẹ̀ ń rùn, tó da láìmù tàbí eérú sí i kó lè mọ́. Ó gbé pH láti 7 lọ sí 8, ó sọ májèlé rẹ di ìlọ́po mẹ́sàn-án ní ojúmọ́ kan.
Mo kí ẹni tó ka ìpalára rẹ sí àìsàn, tó ra oògùn apakòkòrò ènìyàn, tó fọ́ kápúsù rẹ̀ sómi. Àwọn ọ̀tá rẹ ló pa.
Mo kí ẹni tó ń da omi òkè nù, tó fi tìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún ọ.

Ẹni tó kẹ́yìn yìí ló dùn mí jù, torí pé a rí i lójoojúmọ́. Wọ́n gbé páìpù kan dúró sínú páńdì, wọ́n ní tí omi bá kún kọjá orí rẹ̀, yóò dà nù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dà nù, ṣùgbọ́n omi òkè, tó mọ́ jù nínú páńdì, ló ń lọ. Ẹrẹ̀ dúdú tí oúnjẹ àjẹkù àti ìgbẹ́ kó jọ wà nísàlẹ̀, kò mira. Wọn ìbá wọ páìpù tó sanra jù ú lọ lé e lórí, kí ti ìta yìí ga ju omi lọ, kí wọ́n sì fi ayùn gé ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gígé-gígé. Omi yóò wá máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, yóò gun àárín páìpù méjèèjì, yóò sì kó ẹrẹ̀ lọ. Bí ihò bá sì ti wà nísàlẹ̀ ògiri, ẹ fi ẹ́líbòò so páìpù mọ́ ọn níta kó lè yí. Tó bá dúró, omi dúró. Tí ẹ bá yí i sílẹ̀, ìsàlẹ̀ páńdì ni yóò kọ́kọ́ tú. Owó ẹ́líbòò kò tó owó àrọ̀ ńlá kan.

Ọba, ìwọ náà ní ọ̀tá.
Bakitéríà ni. Sergei Winogradsky ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní nǹkan bí 1890: àwọn kan ń jẹ ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń jẹ náítíráìtì, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lè pa ẹja. Kí ẹnikẹ́ni má yọ̀ jù nítorí ti àárín, torí ọmọ rẹ náà ni, ó sì ń sọ ẹ̀jẹ̀ ẹja di àwọ̀ ilẹ̀, tí kò fi ní lè gbé ọ́síjìn mọ́. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi ń dí i lọ́nà kó má wọ ara ẹja.
Ara nǹkan ni bakitéríà ń gbé: òkúta wẹ́wẹ́, fóòmù, àwọ̀n tí wọ́n ká sínú dúrọ́ọ̀mù, tí ẹ̀rọ ń ti omi gbà kọjá. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó tó nǹkan. Wọ́n fẹ́ ọ́síjìn, wọn ò fẹ́ kiloríìnì, nítorí náà omi páńdì la fi ń ṣan fóòmù wọn. Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Ọ̀rẹ̀, nìyí: tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ dákẹ́, àrọ̀ yóò yọjú gba afẹ́fẹ́, bakitéríà inú dúrọ́ọ̀mù kò lè yọjú. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iná á dé, gbogbo ènìyàn á hó yèè, ìwọ Amóníà á sì gorí ìtẹ́. Sólà kékeré tó lè yí pọ́ǹpù kan ṣoṣo sàn ju jẹnẹrétọ̀ ńlá tí kò sí epo nínú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan lò ń bá jà. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń sin iyùn ààyè nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ wọn, pẹ̀lú omi oníyọ̀ tó tó gíráàmù 35 nínú kílò kan, kálísíọ́mù bíi mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà, àti pH tó wà láàárín 8 sí 8.4. Wọ́n ń wọn ọ́ bí ẹni wọn wúrà, torí pé ní pH yẹn, ojú burúkú rẹ kì í wábi lọ. Ní 1961, Lee Chin Eng ará Indonéṣíà kọ ìwé láti sọ pé òun fi òkúta inú òkun tí ohun alààyè wà lára rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń hó sókè tọ́jú tirẹ̀. Bakitéríà ara òkúta náà ló ń bá a jẹ ọ́. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé Odígbó àti àpótí gíláàsì yẹn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Oògùn tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́ nínú àpótí yẹn ṣeé lò níbí. Ẹ bu mílílítà 5 omi páńdì sí ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, ẹ̀kán 8 ni ti ìgò kìíní, ẹ̀kán 8 ni ti èkejì. Ẹ mì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5. Bó bá wà ní àwọ̀ yẹ́lò, ọba ò sí nílé. Bó bá di àwọ̀ ewé, bó ṣe ṣú tó ni o ṣe pọ̀ tó. Ẹ dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má da nǹkan kan sí i. Ẹ yí omi.
Omi tí ẹ ó fi rọ́pò náà, ẹ wò ó. Omi bọ́ọ̀hóòlù tí súmò ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde kò ní ọ́síjìn tó, irin sì lè wà nínú rẹ̀: ó mọ́ nígbà tó jáde, ó pọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn nínú táǹkì òkè, kí ẹ sì jẹ́ kó máa já bọ́ láti òkè wọ páńdì.

Amóníà, n kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ níbòmíràn. Ní 1909, Fritz Haber ní Jámánì fi nàítírójìn inú afẹ́fẹ́ àti haidirójìn ṣẹ̀dá rẹ, láti ara rẹ sì ni yùríà ajílẹ̀ ti ń wá, títí dé ilé iṣẹ́ tí Dangote ṣí ní Lẹ́kkí ní 2022. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewédú àti úgú tó wà lẹ́yìn páńdì ń wá ọ. Ṣe bí ọba tó mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ.
Mo ti yí páìpù sílẹ̀. Jáde. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí o gbà, má yà sí odò tí wọ́n ń pọn mu.