Ìyàwó Mi Ṣì Ń Bèèrè Owó Ìkòkò

Kíṣìnì ló ṣì mí lọ́nà. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè di ẹ̀bi náà rù. Gbogbo ọgbọ́n tí mo kó láti ìdí ààrò wá sídìí ọṣẹ sísè ló yí dànù mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn mìíràn sì yí dànù sí mi lára gan-an.

Ìgbà kòrónà ló bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti Èkó pa ní 30 oṣù kẹta ọdún 2020, iléèwé aládàáni tí mo ti ń ṣe tíṣà sì gbàgbé pé òun ní tíṣà. Kò pẹ́ sígbà náà tí kò fi sí àdúgbò kan ní Ṣáṣá, títí dé Akówọnjọ àti Ẹ̀gbẹ́dá, tí ẹnì kan kò ti máa ta ọṣẹ olómi nínú ike omi àlòkù. Mo ní èmi náà á ṣe é. Àǹtí kan ń kọ́ èèyàn lórí WhatsApp. Mo sanwó, fídíò dé. Apá àkọ́kọ́ fídíò náà, kìkì "ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ lo awò, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lé àwọn ọmọ jáde" ni. Mo fò ó. Dátà wọ́n, mo sì ti bí ọmọ mẹ́ta. Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lé ọmọ jáde?

Òjótà ni mo gbà lọ. Ní ọjà kẹ́míkà ibẹ̀, òórùn á ti kí ẹ káàbọ̀ kí oníṣọ́ọ̀bù tó kí ẹ. "Ọ̀gá, ọṣẹ olómi ni àbí ọṣẹ ọ̀pá?" Mo ní ọṣẹ ọ̀pá, torí mi ò fẹ́ ṣe ohun tí gbogbo àdúgbò ń ṣe. Wọ́n wọn kọ́sítíìkì fún mi sínú náílọ́ọ̀nù, funfun, pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́. Mo ra háídírómítà kan mọ́ ọn: ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín tó níkùn nísàlẹ̀, ọta òjé wẹ́wẹ́ nínú ikùn náà kó lè dúró ṣánṣán lójú omi, bébà tí wọ́n kọ nọ́mbà sí nínú ọrùn rẹ̀. Omi kọ́sítíìkì tó dára fún ọṣẹ ọ̀pá, 1275 ni wọ́n kọ́ wa pé kó kà, ìyẹn ni pé kí lítà rẹ̀ kan wọn kílò kan àti gíráàmù 275. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fi bébà ìròyìn wé e, ó ní, "Ẹ rọra o, bàbá." Mo fi sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò.

Ẹni tó bá mọ danfo Òjótà sí Ìkẹjà ti mọ ìyókù. Kọ̀ńdọ́ ní ká sún, mo sún. Ó ní ká tún sún, mo jókòó dáadáa, mo sì gbọ́ kẹ́! Mo bú ọmọkùnrin yẹn títí a fi dé Ìkẹjà, bẹ́ẹ̀ ìdí tèmi ló fọ́ gíláàsì.

Ibi tí mo ti ń rọra yọ àfọ́kù lápò ni mi ò ti mọ̀ pé náílọ́ọ̀nù tó wà lórí itan mi ti lu. Òógùn ọwọ́ mi kan èyí tó jò síta, ni ìka mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Inú mi dùn. Ọjà gidi nìyí, mo ní lọ́kàn mi, kò tíì dé ìkòkò tó ti ń di ọṣẹ! Òótọ́ pọ́nńbélé sì ni, ó ti ń di ọṣẹ. Ọ̀rá tó fi ń ṣe é ni mi ò mọ̀. Ọ̀rá ara mi ni. Bí kọ́sítíìkì bá ti pàdé ọ̀rá, ọṣẹ ló ń dà, kì í bèèrè bóyá àdín ni tàbí awọ ìka tíṣà. Ìgbà tí a dé Dọ̀pẹ̀mú ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tí mo sì ń fi píọ̀ wọ́tà ṣan ọwọ́ létí títì, tí àwọn èèyàn ń wò mí bóyá àlùwàlá ni mo ń ṣe.

Ó yẹ kí n ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ìkòkò alumíníọ̀mù ńlá tí ìyá ìyàwó mi fi ta á lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wa ni mo gbé sílẹ̀. Ìkòkò tó ti se jọ̀lọ́ọ̀fù ìkómọ mẹ́ta, kí ni ọṣẹ jẹ́ lójú rẹ̀? Mo da kọ́sítíìkì sí i, mo bu omi lé e lórí.

Ẹ̀bà ló yẹ kí n wò, gàrí mímu ni mo wò. Kọ́sítíìkì la ń da sínú omi, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń da gàrí sómi ẹ̀bà. A kì í da omi lé e. Bó bá ti kan omi ló ń gbóná. Bí omi bá pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, ooru náà á tàn ká inú omi. Àmọ́ bó bá jẹ́ omi díẹ̀ ló bọ́ sórí òkìtì rẹ̀, ojú ibẹ̀ á hó lẹ́sẹ̀kan náà, á sì máa ta sókè. Ọ̀gá tó ń ṣaájì bátìrì ní ìkòríta wa ti sọ ọ́ létí mi rí pé ásíìdì là ń da sómi, a kì í da omi sí ásíìdì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì nìyẹn.

Ó kọ́kọ́ súfèé. Lẹ́yìn náà ló hó, ó ru, ó dúdú, èéfín rẹ̀ gba imú mi, omi dà lójú mi. Ọwọ́ mi lọ bá ọmọorógùn, nítorí ohun tó bá ń ru nílé wa, rírò la ń rò ó. Mo rò ó. Ó ta sí mi lápá. Kọ́sítíìkì ò ní wàhálà kankan pẹ̀lú irin tàbí ike líle, alumíníọ̀mù ló máa ń jẹ run, háídírójìn sì ni afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀, èyí tí iná kékeré lè mú kó bú gbàù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ìyàwó mi, Ìyá Tóbi, ń dín dòdò lórí sítóòfù.

"Bàbá Tóbi! Kí lẹ ń sè?"

Mo ní iṣẹ́ ajé ni. Ó pa sítóòfù rẹ̀. Kì í ṣe pé ó mọ̀ nípa háídírójìn o, ó fẹ́ kí ọwọ́ òun méjèèjì ṣófo kó tó dojú kọ mí ni. Nígbà tó gbé ìkòkò náà sókè lọ́jọ́ kejì, a rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀.

Apá tó ń ta mí ńkọ́? Mo da epo pupa lé e. Ṣebí epo ni ẹ̀rọ̀? Àǹtí nọ́ọ̀sì tó ń gbé nísàlẹ̀ wá wò mí, ó wo epo, ó wo apá. "Bàbá Tóbi, ẹ tún fẹ́ se òmíràn lára yín ni?" Omi ló ní kí wọ́n dà sí i, omi tó ń ṣàn, ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí n sì bọ́ ẹ̀wù tó ti rin. Mo ní kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ó lè pa agbára rẹ̀. Ó ní rárá, ooru mìíràn lèyí máa dá sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ojú ló ta sí, omi náà ni, kí wọ́n fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú, kí wọ́n máa dà á lọ, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ, torí kọ́sítíìkì máa ń rin wọnú ẹyin ojú ju bí ọ̀pọ̀ ásíìdì ti ń ṣe lọ. Kò síná, ẹ̀rọ omi ò ṣiṣẹ́, dúrọ́ọ̀mù omi tí ìyàwó mi ti pọn fún ìfọṣọ ló lọ sí apá mi. Ó wà nínú gbèsè tí mo jẹ títí dòní.

Ìyá mi àgbà ni mo ń rántí nígbà tí wọ́n ń da omi yẹn. Kí Lever Brothers tó dé sílẹ̀ yìí ní 1923 láti wá ṣe ọṣẹ fún wa rà ni àwọn ìyá wa ti ń se ọṣẹ dúdú, omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, ìbátan kọ́sítíìkì ni omi náà sì jẹ́. Ìkòkò ọṣẹ ìyá àgbà wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn ilé ló ń gbé, ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi se ẹ̀fọ́ láéláé. Ọmọ tó bá sún mọ́ ọn á jẹ ìkó. Mo rò nígbà yẹn pé oògùn ló wà nínú rẹ̀.

Háídírómítà kejì, inú páìpù ike tí mo fi òwú dí lẹ́nu méjèèjì ló bá mi dé Ṣáṣá. Garawa ike lèmi náà fi pò ó lọ́tẹ̀ yìí. Àmọ́ nídìí ọbẹ̀, gbígbóná la ti ń tọ́ iyọ̀ wò, gbígbóná sì ni mo ti ti gíláàsì mi bọ omi kọ́sítíìkì. Kò kà tó 1275. Mo fi kọ́sítíìkì kún un. Ohun tó bá gbóná máa ń wú, lítà rẹ̀ á sì fúyẹ́; ó yẹ kí n jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí n tó wò ó. Ọṣẹ náà dì, ó funfun, ó rẹwà. Mo fi fọ bẹ́díṣíìtì òwú, ó mọ́ láú. Ni mo bá rẹ fìlà sányán tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi sínú rẹ̀ mọ́jú. Òwú lè fara da kọ́sítíìkì; sányán ò lè fara dà á, torí irú ohun tí Ọlọ́run fi ṣe awọ àti irun wa náà ló fi ṣe é. Ohun tí mo gbé jáde láàárọ̀ kì í ṣe fìlà mọ́. Bùbá tí mo fẹ́ wọ̀ mọ́ ọn ló ṣẹ́ kù.

Háídírómítà kejì yẹn náà fọ́, ṣùgbọ́n ológbò ló fọ́ ọ, mi ò sì ní jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ológbò. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni pé mo dúró ń bá ológbò jà, nígbà tí Tóbi ti ń ṣa ọta òjé nílẹ̀ láti fi ṣeré. Òjé ni, ohun tó pa ọmọ bí 400 ní Zamfara ní 2010.

Èyí tí mi ò lè fi ṣe àwàdà ni ike mínírà. Omi kọ́sítíìkì ṣẹ́ kù, mo rọ ọ́ sínú ike mínírà, mo dé e, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Àbúrò Tóbi ti ń fi eyín ṣí ọmọrí nígbà tí ìyá rẹ̀ já a gbà. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà orílẹ̀-èdè yìí ti ń kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tó gbé kọ́sítíìkì ọṣẹ mì nínú ilé: ọ̀nà ọ̀fun á jóná, bó bá jinná á sún kì, oúnjẹ ò ní lè kọjá, wọ́n á wá máa fi rọ́bà bọ́ ọmọ gba inú ikùn. Epo pupa tí a fi ń mú kí ọmọ bì ń bà á jẹ́ sí i ni, nítorí ohun tó jó o nígbà tó ń lọ á tún jó o nígbà tó ń bọ̀. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta Sniper, oògùn apakòkòrò, inú ike kékeré mọ́ ní ọjà àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo gbóríyìn fún wọn nígbà náà ni mo fi ike mínírà ṣe ilé kọ́sítíìkì.

Nísinsìnyí kẹ́ẹ̀gì líle kan ṣoṣo ló wà, ó ní kọ́kọ́rọ́, òkè pátápátá ló ń gbé, mo sì fi ọ̀dà pupa kọ MÁJÈLÉ sí i lára gàdàgbà. Láti ìgbà tí Ìyá Ṣadé ti wá ra ọṣẹ tó sì rí i, kò rà mọ́. Ó ní òun ò lè fi májèlé fọ aṣọ ọmọ òun. Ó ti sọ fún ilé tó kàn wọ́n, ilé tó kàn wọ́n ti sọ fún ìyókù. Ìyá Tóbi ní kí n yí ojú kẹ́ẹ̀gì náà sí ògiri, ká lè rí ọṣẹ tà, kí òun lè rí owó ìkòkò òun. Mi ò tíì yí i.